Fáìlì Ìwọ̀n Oògùn Tí Mo Fi Sẹ́yìn

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni mo kó ẹrù mi kúrò l'Ékòó, mo padà sí Òmù-Àrán. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró, ọjà sì ti wọ́n débi pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ò rí jẹ bó ṣe yẹ. Mi ò sunkún nígbà tó kú. Mi ò sunkún nígbà tí mo ń di ẹrù. Ó dà bí ìgbà tí dókítà eyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́: o mọ̀ pé ètè rẹ wà níbẹ̀, o lè fọwọ́ kàn án, àmọ́ kì í ṣe tìrẹ.

Bàbá mi nìkan ló kù nínú ilé. Nígbà tí owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, katakata, ẹ̀rọ ńlá tó ń túlẹ̀, ló ń wà fún àwọn tó ń la títì, ìgbà náà ló kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ sẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí mo padà dé, yàrá méjì la ń lò. Àgbàdo àti iṣu ló kún àwọn tó kù. Kò bi mí pé báwo ni ara mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá eruku kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo máa sùn lé, ó ní, "Fèrèsé yìí ò ṣe é tì dáadáa. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, fi páálí dí i." Ó sì jáde.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa. Mátírọ̀n kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ni ín. Ìyá náà gbọ́ pé mo ti dé, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Wọ́n ní o mọ kọ̀ǹpútà," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Tí mo bá fẹ́ kọ káàdì oògùn fún ọmọ, àfi kí n gbé e sún mọ́ imú. Ṣé kọ̀ǹpútà lè máa bá mi kọ ọ́?"

"Ó lè kọ ọ́, mà."

Báyìí ni mo ṣe rí iṣẹ́. Python ni èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ètò tó máa ṣe iṣẹ́ náà, kò sì gùn. Èèyàn á ṣí fèrèsé dúdú tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, á tẹ "kaadi", á tẹ orúkọ ọmọ àti bó ṣe wọ̀n tó ní kílò, ẹ̀rọ á sì tẹ káàdì jáde ní ẹ̀dà méjì: oògùn ibà, wóró mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, fún ọjọ́ mélòó. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ò sí nínú ètò fúnra rẹ̀. Mo kọ wọ́n sínú fáìlì kan lọ́tọ̀ tí mo pè ní "iwon", kí Mátírọ̀n lè yí wọn padà láìfọwọ́ kan iṣẹ́ mi bí wọ́n bá pààrọ̀ oògùn lọ́jọ́ iwájú. Ètò gbọ́dọ̀ ka fáìlì yẹn kó tó lè kọ káàdì.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà han Mátírọ̀n, mo ṣí fèrèsé dúdú náà láìkọ́kọ́ wọ inú fódà tí iṣẹ́ mi wà. Mo tẹ àṣẹ. Ọ̀rọ̀ pupa bo ojú ẹ̀rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju pé òun ò rí fáìlì "iwon".

"Ó ti bàjẹ́ ni?" Mátírọ̀n bi mí.

"Rárá, mà. Ó kù díẹ̀ ni."

Mo mọ ohun tó fà á. Ibi tí ẹni tó pe ètò náà bá dúró sí nínú ẹ̀rọ ni ètò ń wá fáìlì rẹ̀ sí, kì í ṣe ibi tí ètò fúnra rẹ̀ ń gbé. Ó yẹ kí n jókòó tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó ti rẹ̀ mí. Ohun gbogbo ló ń rẹ̀ mí lásìkò yẹn, àtiwẹ̀ pàápàá. Mo wá kọ ìlà méjì péré kún un: bí o ò bá rí fáìlì, lo nọ́ńbà yìí. Nọ́ńbà tí mo fi sí i ni èyí tí mo fi dán ètò wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wóró kan fún gbogbo ọmọ. Mo sọ fún ara mi pé màá padà wá yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ pupa ò jáde mọ́, ọkàn mi balẹ̀, tàbí kí n sọ pé mi ò ronú nípa rẹ̀ mọ́.

Mo di ètò náà sínú ìdì kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ wa ṣe ń dì í, mo sì fi sórí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Mo tún da fódà iṣẹ́ mi kọ síbẹ̀. Mo ṣe àmì kan sójú ẹ̀rọ tí Mátírọ̀n á máa tẹ̀, tí fèrèsé dúdú á fi ṣí sínú fódà yẹn gan-an. Nítorí náà, ìgbàkigbà tí Mátírọ̀n bá lò ó, fáìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, káàdì sì máa ń tọ̀nà. Oṣù kan àti ààbọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ń yìn mí fún àwọn aláìsàn. Mo máa ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé, mà," bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, Mátírọ̀n lọ sí Ìlọrin láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ó ní kí nọ́ọ̀sì kan láti ìlú wa bá òun dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì náà mọ kọ̀ǹpútà lò. Kò tẹ àmì tí mo ṣe. Ó ṣí fèrèsé dúdú náà lọ́nà tirẹ̀, bó ṣe máa ń ṣí i níbi iṣẹ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, ó tẹ "kaadi", káàdì sì jáde. Kò sí ohun tó lè mú un fura. Èmi alára wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, káàdì ń jáde lábẹ́ ọwọ́ mi, mi ò wò wọ́n.

Mátírọ̀n dé lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú gíláàsì dúdú. Ojú rẹ̀ ti là. Bó ṣe ń yọ̀ pé òun tún lè kàwé, ó mú ẹ̀dà àwọn káàdì ọ̀sẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ka orúkọ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó gbé káàdì kan sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló ní kí ọmọ kílò méjìdínlógún lo wóró kan?"

Nọ́ọ̀sì náà dìde. "Ohun tí káàdì sọ nìyẹn, mà. Mo rò pé oògùn tuntun ni ẹ kó wá, pé ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mátírọ̀n yíjú sí mi. Kò pariwo. Ó tẹ́ àwọn káàdì náà sórí tábìlì, mọ́kànlá ni wọ́n, wóró kan ló wà lára gbogbo wọn. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó tẹ́ wọn tán. Mo ṣàlàyé fún un: ètò ò rí fáìlì, mo sì ti kọ́ ọ pé bí kò bá rí i, kó purọ́.

"O kọ́ ọ kó purọ́," Mátírọ̀n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ ọmọ ọwọ́, wóró kan náà ló tọ́ sí wọn. Mẹ́ta tó kù ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Méjì ń gbé nítòsí. Mátírọ̀n ránṣẹ́ pè wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó fún wọn ní oògùn míì. Ẹ̀kẹta ni ọmọ kílò méjìdínlógún náà. Ìyá àgbà kan ló gbé e wá. Òkè-Ọdẹ ni wọ́n ti wá, ayẹyẹ ìrántí òkú ló gbé wọn wá sí Òmù-Àrán, ọmọ náà ṣàìsàn, wọ́n gba oògùn, wọ́n sì ti padà sílé. Wọn ò fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Orúkọ àdúgbò nìkan ló wà nínú ìwé.

"Màá lọ," mo wí.

"Ó yẹ kó o lọ," ó dáhùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi bá mi níbi tí mo ti ń di báàgì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Òkè-Ọdẹ, Bàbá."

"Nínú òjò yìí?" Ó wo ojú mi. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ọmọ kan lo oògùn tí kò tó. Àṣìṣe mi ni."

Ó wọlé, ó sì gbé bàtà rọ́bà rẹ̀ wá. "Ọlọ́kadà máa sọ fún ọ pé òun lè gbé ọ gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Má dá a lóhùn. Sọ̀ kalẹ̀, kó o fẹsẹ̀ rìn."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́nà. Ojú ọ̀nà ti fọ́ káàkiri, omi pupa kún inú kòtò, àwọn mọ́tò akẹ́rù tó rì sínú ẹrẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí màlúù tó sùn. Ó yẹ kí n máa ronú nípa ọmọ náà. Fáìlì ni mo ń rò. Ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni mo ń wò, mo sì ń tẹ̀lé ètò mi láti orí dé ìdí nínú ọkàn mi. Mo rí i pé àṣìṣe kejì wà lábẹ́ èyí àkọ́kọ́. Ká tiẹ̀ ní mo kọ́ ètò náà láti máa wá fáìlì nínú ilé ara rẹ̀, kò ní bá a níbẹ̀, torí nígbà tí mo di ètò náà, mi ò kọ ọ́ síbì kankan pé kí wọ́n di "iwon" mọ́ ọn. Kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí mo kọ, nìkan ni ìdì náà gbé. Fáìlì tó kù sínú fódà iṣẹ́ mi ló ń bò mí láṣìírí látọjọ́ yìí. Mo ronú lórí gbogbo èyí pẹ̀lú ọkàn tó tutù. Ó bà mí lẹ́rù díẹ̀ pé ó tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ní Òkè-Ọdẹ, mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń já ẹ̀fọ́, ó sì mú mi dé ilé náà. Ìyá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà, ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún márùn-ún, sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ kúulé o, mà."

"Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Láti ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán ni, mà. Ara ọmọ ńkọ́?"

"Ibà náà lọ lọ́jọ́ kejì. Àná ló padà dé. Kò jẹun láti àná."

Mo fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà. Ó gbóná gan-an. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn níbí báyìí. Wóró méjì-méjì ló yẹ kó lò. Káàdì tí a fún yín ló ṣì í sọ."

Ó dìde, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wá ìborùn, a sì jáde.

Ní ilé ìwòsàn ìlú náà, wọ́n tètè gbà wá. Mo fún wọn ní lẹ́tà tí Mátírọ̀n kọ, wọ́n sì fa omi sí ọmọ náà lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Èmi àti ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Òjò tún bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló kọ káàdì yẹn?" ó bi mí.

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Ó wù mí kí ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀.

"Ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tó kọ?"

"Èmi ni, mà."

Ó mi orí díẹ̀. "Ìyá ọmọ yìí wà l'Ékòó. Nítorí pé nǹkan le ló ṣe fi í sọ́dọ̀ mi, ó ní níbí á máa rí oúnjẹ jẹ. Ó ń pè mí láràárọ̀. Kí ni kí n sọ fún un bó bá pè lọ́la?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀."

Kò ṣépè fún mi. Ó kó ìborùn rẹ̀, ó sún lọ sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì lọ́hùn-ún, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀. Mo ń ra ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pọn omi. Ìyá àgbà ń gba ẹ̀kọ náà láìwo ojú mi. Mo ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú mi, ẹ̀rù tàbí ìtìjú, èyíkéyìí. Bákan náà ni mo ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi l'Ékòó. Dókítà ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, èmi ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àgbá afẹ́fẹ́, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì tún un kà. Mo ṣì rántí ibi tí ọ̀dà náà ti ṣí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ náà jókòó. Ó mu ẹ̀kọ, ó tún béèrè sí i. Ó wò mí, ó bi ìyá àgbà pé, "Ta ni bàbá yìí?"

"Ẹni tó gbé wa wá síbí ni," ìyá àgbà wí.

Ìyẹn nìkan ló sọ nípa mi. Nígbà tí dókítà ní ewu ti kúrò, mo bẹ ìyá àgbà pé kó forí jì mí. Ó ní, "Mo gbọ́." Kò sọ pé òun ti forí jì mí, kò sì sọ pé òun ò forí jì mí. Mo wá ọ̀kadà padà sílé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mo kọ́kọ́ pa ìlà méjì tó ń purọ́ yẹn rẹ́. Mo kọ ọ́ pé bí ètò ò bá rí fáìlì, kó dúró, kó sọ ọ́ kedere ní Yorùbá pé òun ò rí ìwọ̀n oògùn, kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, dípò kí ètò máa wo ibi tí ẹni tó pè é dúró sí, mo ní kó bi Python fúnra rẹ̀ pé, "Níbo lo gbé mi sí nígbà tí wọ́n fi mí sórí ẹ̀rọ yìí?" Ibẹ̀ ni kó ti mú fáìlì rẹ̀. Ohun èlò tó ń ṣe èyí ti wà nínú Python tipẹ́, ìlà kan péré ni. Mo tún ètò náà dì, mo fi sórí ẹ̀rọ, mo pè é. Ó ní òun ò rí fáìlì. Inú mi dùn díẹ̀ láti rí i, torí òtítọ́ ló sọ. Mo wá gbé "iwon" sínú fódà kan náà pẹ̀lú kóòdù, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdìpọ̀ pé kí wọ́n dì í mọ́ kóòdù. Mo tú ìdì tuntun wò kí n tó gbà á gbọ́. "Iwon" wà níbẹ̀.

Mo pa fódà iṣẹ́ mi rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn pátápátá, kó má bàa tún bò mí láṣìírí. Mo ń ṣí fèrèsé dúdú láti ibi kan sí ibòmíràn: láàárín àwọn fọ́tò, láàárín àwọn ìwé Mátírọ̀n, nínú fódà tó ṣófo. Níbi gbogbo ni mo ti tẹ kílò méjìdínlógún. Níbi gbogbo ló ti dáhùn pé wóró méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mátírọ̀n wá dúró sẹ́yìn mi. "Ó ti tán?"

"Ó ti tán, mà. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Màá kọ àwọn nọ́ńbà yẹn sára ògiri."

"Mà, ètò ti ń rí fáìlì báyìí."

"Mo gbọ́. Màá kọ ọ́ sára ògiri."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́, pẹ̀lú ọ̀dà dúdú, lẹ́tà ńláńlá, lókè tábìlì oògùn. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ọmọ ní oògùn láìfi káàdì wé ògiri. Kò lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò yìn mí fún aláìsàn kankan mọ́, èyí sì rọrùn fún mi ju ìyìn lọ.

Nígbà ọyẹ́, ìyá àgbà láti Òkè-Ọdẹ tún wá sí Òmù-Àrán, ìgbéyàwó kan ló wá ṣe. Ó mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ wa nítorí ibà. Ọmọ náà ti ga díẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà nínú àpò aṣọ rẹ̀ láìka ara gbígbóná sí. Mátírọ̀n wọ̀n ọ́n, ogún kílò. Mo tẹ káàdì.

"Kà á sókè fún mi," ìyá àgbà wí.

"Wóró méjì láàárọ̀, wóró méjì lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta."

"Níbo ni ó wà lára ògiri?"

Mo fi ìka tọ́ka sí i. Kò mọ̀wé kà, àmọ́ ó mọ nọ́ńbà. Ó wo ògiri, ó wo káàdì, ó tún wo ògiri. Ó da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó ka wóró méjìlá, ó kó wọn padà sínú àpò bébà. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, wọ́n sì ń lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá bàbá mi níbi tó ti ń yin àgbàdo ní ẹ̀yìnkùlé. Mo fa àpótí, mo jókòó tì í, mo mú ṣùkù kan.

"Mo rí ọmọ yẹn lónìí," mo wí.

"Èwo?"

"Ti Òkè-Ọdẹ."

"Ṣé ara rẹ̀ dá?"

"Ibà díẹ̀ ni. Oògùn rẹ̀ pé."

"Ó dáa."

Ó sún abọ́ àgbàdo rẹ̀ sáàárín wa kí ọwọ́ àwa méjèèjì lè tó o. Àgbàdo náà gbẹ dáadáa lọ́dún yẹn, ó ń dun àtàǹpàkò mi. A ń yin ín lọ.